Okùn Mẹ́rin, Ìka Mẹ́rin: Bí Mo Ṣe Kọ́ Ukulele ní Chikaji

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ nǹkan díẹ̀, mo rò ó pé àwọn tí ó mọ ìtàn ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìlú jù mí lọ yóò ti kọ ìyẹn. Ohun tí èmi fẹ́ sọ kéré. Okùn mẹ́rin ni ó ní, orí ìṣó lára ògiri yàrá mi ní Chikaji ni mo sì ń gbé e kọ́. Ukulele ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọdé ní Bàbá ra gìtá ọmọdé. Aládùúgbò mi kan tí ó jẹ́ Haúsá bi mí bóyá kuntigi àwọn òyìnbó ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ mú ọgbọ́n dání. Okùn kan ṣoṣo ni kuntigi ní. Bẹ́ẹ̀ ni Dan Maraya Jos, tí wọ́n bí ní 1946, tí ó sì di olóògbé ní 2015, fi okùn kan ṣoṣo yẹn kọrin yí gbogbo ilẹ̀ Haúsá ká títí orúkọ rẹ̀ fi kan káàkiri Nàìjíríà. Bí okùn kan bá lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fojú di okùn mẹ́rin?

Láti ìgbà èwe mi ni orin olókùn ti ń dùn mọ́ mi. Reluwé ni ó gbé bàbá mi wá sí Zaria, bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin wá. Bàbá ní ẹ̀rọ giramafóònù kan nínú ilé tí a ń gbé ní Sabon Gari. Bí a bá ti jẹun tán ní ọjọ́ ìsinmi, wọn a gbé àwo Àyìndé Bákárè lé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa jó sí ìlù, ṣùgbọ́n gìtá ni etí tèmi máa ń wá kiri. Mo máa ń tẹ ìka mi mọ́ apá àga bí ẹni pé okùn wà níbẹ̀. Owó gìtá kò sí nígbà náà. Nígbà tí owó díẹ̀ dé, iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ kò jẹ́ kí àyè wà.

Ní ọdún 1998, ẹ̀rọ kan níbi iṣẹ́ gé ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi láti ìdí. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ gìtá mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni a fi ń tẹ okùn, ọ̀tún ni a fi ń ta á. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ gìtá ti parí nìyẹn. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, bí mo bá wà láàárín èèyàn, abẹ́ agbádá ni ọwọ́ òsì mi máa ń wà. Kò dùn mí mọ́ rárá, ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò ó ni n kò fẹ́.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta gìtá nínú ìjọ wa pé kí ó yá mi ní tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Okùn mẹ́fà ni, irin sì ni gbogbo wọn. Láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ lórí àyà gìtá títí dé ìparí ọrùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65, nítorí náà ìka ní láti yà gbòòrò kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Bí ìka òrùka mi bá ti ń nà láti ṣe iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ tí kò sí mọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo dá gìtá padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́. Ọmọ náà wo ọwọ́ mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a wá ukulele. Okùn mẹ́rin ni, náílọ́ọ̀nù ni, ọrùn rẹ̀ sì kúrú. Ìka mẹ́ta ti tó fún un, sà." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ohun èlò yìí ní ṣókí, nítorí ìtàn náà jọ tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1879, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Ravenscrag gúnlẹ̀ sí Honolulu ní erékùṣù Hawaii. Àwọn Potogí láti erékùṣù Madeira ni ó kó, tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Mẹ́ta nínú wọn, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo, mọ iṣẹ́ igi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò olókùn kékeré tí wọ́n ń pè ní machete nílé wọn, láti ara rẹ̀ ni ukulele sì ti jáde. Ọba Kalākaua ti Hawaii fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ ààfin. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní San Francisco ní 1915, ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì gbé orin wọn dání: ìtàn yìí kò gbọdọ̀ ṣàjèjì sí àwa tí bàbá wa wọ reluwé wá sí Zaria.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ni pé ukulele ti dé ọ̀dọ̀ Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé orin jùjú kalẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, báńjò ni ó wà lọ́wọ́ olórí orin. Oríṣi ukulele kan wà tí ara rẹ̀ rí bíi ti báńjò, tí awọ bo ojú rẹ̀ bí ojú ìlù. Irú rẹ̀ ni Àyìndé Bákárè fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ His Master's Voice bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin rẹ̀ sínú àwo ní 1937, ó sì di 1949 kí ó tó gbé gìtá oníná. Nígbà tí mo mọ èyí, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tí mò ń fi etí wá kiri nínú ilé bàbá mi, orí okùn mẹ́rin ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń yan èyí tí a ó rà? Oríṣi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ó kéré jù ni soprano, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìǹṣì 21. Concert tó ìǹṣì 23, tenor tó 26, baritone sì tó 30. Mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń ní ohùn kan náà lórí okùn wọn, tí à ń pè ní G, C, E àti A. Ti baritone yàtọ̀, òun ń lo D, G, B àti E bíi okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ gìtá. Soprano dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ìka àgbàlagbà lè há níbẹ̀. Tenor dùn, àmọ́ ó tún ń sún mọ́ gìtá, ìka mi á sì tún ní láti nà. Concert ni mo mú. Lórí tirẹ̀, okùn kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 38 lọ láti àyà dé ìparí ọrùn. Ibi tí ìka mẹ́ta mi lè dé láìsí ìrora ni, ohun tí mo sì fi yàn án nìyẹn, mi ò wo àwọ̀ tàbí ẹwà.

N kò rí i rà ní Sabon Gari, gìtá àti dùùrù oníná ni mo rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé Èkó lọ sí ọjà bá mi wò ó, ó sì fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tí ó rọjú jù nínú wọn jẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Irú rẹ̀ kì í di ohùn mú. Bí ẹ bá fa okùn rẹ̀ le báyìí, yóò ti dẹ̀ kí ẹ tó kọrin kan tán, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé etí òun ni kò dára. Nínú méjì tó kù, igi gidi ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan, plywood ni wọ́n fi ṣe èkejì. Igi gidi ní ohùn tí ó jinlẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́ Zaria. Ọyẹ́ tí ń la ètè àti gìgísẹ̀ yóò la igi pẹ̀lú. Plywood máa ń fara dà á ju igi gidi lọ, nítorí náà òun ni mo ní kí ó mú.

Kí ó tó sanwó, mo ní kí ó ṣe ìdánwò kan fún mi lórí fóònù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sí ọrùn ukulele, tí a ń tẹ okùn sí ẹ̀yìn wọn. Mo ní kí ó ta okùn kan láìtẹ ibì kankan, kí ó sì tẹ okùn náà kan náà sí irin kejìlá, kí ó tún un ta. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, àfi pé èkejì yóò ga bí ìgbà tí ọmọdé bá ń bá àgbà kọrin. Bí wọ́n kò bá bára mu, kò sí bí a ṣe lè ta á tí kò ní dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbọ́ ọ, mo ní kí ó sanwó.

Nígbà tí ó dé ọwọ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ́ mi ni sùúrù. Okùn náílọ́ọ̀nù tuntun a máa fà gùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá tún ohùn rẹ̀ ṣe ní àárọ̀, yóò ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ètò orí fóònù ni mo fi ń yẹ ohùn rẹ̀ wò.

Ẹ wo bí àánú Ọlọ́run ti pọ̀ tó lórí ọ̀rọ̀ ìka. Kọ́ọ̀dù C, ìka kan ṣoṣo ni: okùn A ní irin kẹta. Kọ́ọ̀dù F, ìka méjì: ìka àárín lórí okùn G ní irin kejì, ìka ìfábẹ̀lá lórí okùn E ní irin kìíní. Kọ́ọ̀dù G7, ìka mẹ́ta: ìfábẹ̀lá lórí okùn E ní irin kìíní, ìka àárín lórí okùn C ní irin kejì, ìka òrùka lórí okùn A ní irin kejì bákan náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bèèrè ọmọńdinrín. Àtàǹpàkò dúró lẹ́yìn ọrùn, ìka mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ níwájú. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta yìí sì tó láti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìyìn àti orin jùjú àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ ọ ní àárọ̀ àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Orí ìka mi ro mí fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó le. Láti C sí F kò pẹ́ mi. Láti F sí G7 gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ìka àárín ní láti kúrò lórí okùn G lọ sí okùn C, kí ìka òrùka sì tẹ okùn A lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ìfábẹ̀lá dúró síbi tí ó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ wa ní kí n má ṣe ta á rárá, kí n kàn máa gbé ìka sí F, kí n gbé e sí G7, kí n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin láàárín wọn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Àwọn ọmọ inú ọgbà wa, Haúsá ni wọ́n fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ilé ìwé. Bí a bá bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í lọ sókè sódò bó ti yẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó pẹ̀lú ukulele, mo sì ṣàkíyèsí pé okùn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn, C, E àti A, wà ní ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Dò, re, mí nìyẹn. Mo ta E lẹ́ẹ̀méjì: ọkọ. Mo ta E, mo ta C: ọkọ̀. Mo ta E, mo ta A: ọkọ́. N kò tẹ irin kankan, ohun tí àwọn baba wa ti ń fi dùndún ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mò ń gbọ́ lórí okùn náílọ́ọ̀nù yìí.

Mo pe àwọn ọmọ. A sọ ọ́ di eré. Èmi á ta á, àwọn á sọ ohun tí mo wí. E àti E, igba owó ẹyọ. E àti A, igbá tí a fi ń bumi. C méjì, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. E àti C, igbà. Gbogbo wọn dákẹ́ sí ti ìkẹyìn yìí, nítorí ní Zaria a kì í rí adẹ́mu tí ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ọmọbìnrin kan lọ bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ pe ìyá tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù, ìyá àgbà sì ṣàlàyé okùn tí adẹ́mu ń kọ́ mọ́ ìdí fún wọn títí káàdì fi tán. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ni wọ́n ń wá pè mí. Wọ́n ti ń ta orúkọ ara wọn. Ẹni tí kò bá fi ohùn rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Orúkọ ẹlòmíràn lo ta yẹn o!"

Èyí tún kọ́ mi ní bí mo ṣe lè fi kọ́ọ̀dù sí orin wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tú orin ìsìn sí Yorùbá, wọ́n fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú ohùn orin òyìnbó, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ pọ̀ mọ́ra lẹ́nu akọrin. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó gbé ayé láti 1855 sí 1930, wà lára àwọn tí ó kọ orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ. Ní 1922 wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo ní London. Ìlànà tí èmi náà ń tẹ̀ lé nìyẹn: kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin náà bí a ti ń sọ ọ́ nílé, kí n kọ ọ́, kí n tó wá kọ́ọ̀dù tí yóò gbé e. Kọ́ọ̀dù ni ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kì í tẹ̀ lé kọ́ọ̀dù.

Nípa ìtọ́jú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ má ṣe fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ má sì gbé e kọ́ sí ojú fèrèsé. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, inú àpò rẹ̀ ni kí ó máa sùn. Èmi máa ń ki kàn-ìn-kàn-ìn tútù tí mo ti fún dáadáa sínú ike ọṣẹ tí mo lu ihò sí lára, mo sì ń gbé e sínú àpò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí omi má kan igi. Bí kàn-ìn-kàn-ìn bá gbẹ, mo tún un rẹ.

Ní ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò wa, wọ́n ní kí n wá bá wọn ta á. Ẹ rántí pé ẹni tí ń ta ukulele kò lè fi ọwọ́ òsì pamọ́. Òkè lórí ọrùn rẹ̀ ni ó ń wà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i. Ọmọkùnrin kan bi mí lójú gbogbo ayé pé, "Bàbá, ìka yín kan ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ̀rọ mú un lọ, àwọn tó kù ló ń kọrin yìí." Ó ní, "Ẹ tún un ta." Mo tún un ta. Agbádá ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò rántí abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń rò pé ọjọ́ ti lọ, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín, kí ẹ tó wo ohun èlò. Èyí tí ó bá ọwọ́ yín mu ni kí ẹ rà. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ C, E àti A, kí ẹ sì fi wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún un. Ilé mi ní Chikaji ṣí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, n kò gba kọ́bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èdè wa kú mọ́ wa lẹ́nu, kí ó sì dá gbogbo wa sí láti ka ti ọdún tó ń bọ̀. Àṣẹ.